Ọmọrí Táńkì Aw Abdosh

Ó rẹ̀ mí. Kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé inú dídùn ni mo fi ń kọ ìtàn yìí. Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn odi Harar, ní ilẹ̀ Etiópíà, ní ìta ẹnubodè Shewa, ẹ̀yìn sì ti ń ro mí láti ìgbà tí mo ti pé ogójì ọdún. Ìdí àwọn Pijó 404 ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn. Níbòmíràn, wọ́n ti kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dà sí ààtàn tipẹ́. Nílùú tiwa, takisí ni wọ́n títí di òní. Àwọn ló ń gbé ìyá arúgbó lọ sọ́jà, àwọn náà ló ń gbé ewé ṣáàtì tí a máa ń jókòó jẹ lọ́sàn-án.

Aw Abdosh ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Aw là ń pe ọkùnrin tó bá tó bàbá ẹni, Ay là ń pe obìnrin tó bá tó ìyá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà funfun kì í sábà kúrò lórí rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi tó bá rí àwọn ọmọ tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Eṣinṣin ló ń pè wọ́n. Àwọn náà ń pe ọkọ̀ rẹ̀ ní ìyá àgbà, wọ́n á sì fọn fèrè kí i tí wọ́n bá ń kọjá, nítorí kò sí ẹnì kan nínú wọn tí Aw Abdosh kò gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn nígbà tó fẹ́ bí i.

Ọdún tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n lé ọba kúrò lórí oyè ló ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ará Àméníà kan tó ń ta aṣọ. Búlúù ni, orí rẹ̀ funfun. Nígbà ogun àwa àti Sòmálíà, àwọn ṣọ́jà ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn kiri. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Aw Abdosh, ó ti tú kabúrétọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ay Khalisa, ìyàwó rẹ̀, fi aṣọ wé e, ó jù ú sínú agbọ̀n kan, ó fi ọmọrí dé e, ó gbé e kọ́ ara ògiri láàárín àwọn yòókù. Nínú ilé Harari, ara ògiri ni agbọ̀n ń gbé, kò sì sí agbọ̀n tí kò ní ọmọrí. Àwọn ṣọ́jà yí kọ́kọ́rọ́ títí, wọ́n ta táyà nípàá, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà ni Aw Abdosh ti gbà pé níbi tí ìyàwó òun bá ti fi ọmọrí dé, kò sí ohun tó lè wọlé, kò sì sí ohun tó lè jáde. Òótọ́ sì ni.

Wàhálà wa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìdérí táńkì epo ọkọ̀ náà ti gbó, kò dé dáadáa mọ́. Tí Aw Abdosh bá ń gun òkè Dengego bọ̀ láti Dire Dawa, ìlú tó wà nísàlẹ̀, epo á máa tú jáde níbi kọ́nà, òórùn rẹ̀ á wọnú búùtù lọ bá ẹrù ṣáàtì. Ewé tó bá sì ti gbóòórùn epo, ta ló fẹ́ fi sẹ́nu? Àwọn obìnrin tó ń tà á ń dá a padà fún un, wọ́n ń bú u. Ni Ay Khalisa bá jókòó, ó gé awọ ewúrẹ́ ní ìpele mẹ́ta, ó fi rọ́bà tíúbù sáàárín, ó rán etí rẹ̀ yí po bó ṣe máa ń rán etí agbọ̀n ìyàwó, ó sì fi dí inú ìdérí náà. Ó lẹ̀ mọ́ ẹnu táńkì dé ibi pé ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń yí i. Epo wá mú kí rọ́bà náà wú, ó tún le sí i.

Ó gbé e wá fi hàn mí. Mo yí i, mo tún un yí, mo ní n kò rí ọmọrí tó dára tó báyìí rí. Mo ní kó bá mi bẹ Ay Khalisa, kó ṣe irú rẹ̀ kan fún mi. Èmi, mẹkáníìkì, ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí òkè Dengego. Tí Aw Abdosh bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Dire Dawa, kò sí nǹkan kan. Á rọ epo kún táńkì lọ́hùn-ún, á kó èrò, á máa gòkè bọ̀ nínú oòrùn. Tó bá fi máa dé kọ́nà tó ṣáájú orí òkè, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, á sì kú. Epo wà ní táńkì, kò dé iwájú. Tí wọ́n bá dúró fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, á jí, á gbé wọn délé. Nínú ìlú Harar ńkọ́, níbi tó jẹ́ pé epo onígò la máa ń rà, lítà kan níhìn-ín, lítà kan lọ́hùn-ún? Kò kú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gbogbo awakọ̀ ọ̀nà yẹn ló mọ àìsàn náà, tàbí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ooru ẹ́ńjìnnì ló ń mú kí epo hó nínú páìpù kó tó dé kabúrétọ̀, ó ń di afẹ́fẹ́, páǹpù kò sì lè fa afẹ́fẹ́. Tí wọ́n bá kú lórí òkè, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ti àkísà bọ omi, wọ́n á fi wé páǹpù, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi. Kò sí ọkọ̀ àtijọ́ tó ń gba Dengego tí kò gbé kẹ̀gì omi àti àkísà. Bàbá mi lò ó, èmi náà lò ó. N kò bi ara mi rí bóyá àkísà náà ló ń jí wọn.

Mo ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ yẹn fún oṣù márùn-ún. Mo pààrọ̀ awọ inú páǹpù. Mo tú kabúrétọ̀, mo fẹ́ gbogbo ojú ihò tí epo ń gbà, mo gé pákó pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀ kí ooru má baà máa gun òkè. Mo yí páìpù epo kúrò nítòsí ibi tí èéfín ń gbà. Ọjọ́ tí mo bá ṣe tán, á lọ yípo ìlú, á padà wá dúpẹ́. Tó bá di ọjọ́ Dire Dawa, mo ti mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí mo bá ti rí i tí ó ń rìn bọ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, pé ó tún ti kú. Ó dé ibi pé mo ń sá fún un. Mo máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ sùn, kí wọ́n lè sọ fún un pé ọwọ́ mi dí.

Ilé ni Ay Khalisa náà ń bá a jà. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ó wá jókòó. Ọmọ wọn tó wà ní Kánádà ń pè lórí fóònù, ohun kan náà ló ń sọ. Aw Abdosh sọ fún mi pé tí òun bá jókòó, òun ò ní dìde mọ́, ìjókòó ló pa bàbá òun. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọkọ̀ náà sáà máa gòkè, kí òun lè máa wà á.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Ay Mumina kú. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ni Ay Mumina ń gbé ní Dire Dawa, Harar sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà. Ìdájí ló kú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n máa sin ín. Wọ́n pe Aw Abdosh pé kó lọ gbé obìnrin náà wá, nítorí òun ló gbé e lọ sílé ọkọ nígbà tó wà ní omidan. Ó lọ, ó gbé e, ó rọ epo kún táńkì. Ọkọ̀ kú lórí Dengego. Àwọn ọkọ̀ akérò ń kọjá, ó lè dá ọ̀kan dúró kó fi obìnrin náà síbẹ̀, àmọ́ ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó gbójú lé àkísà tí mo fún un. Ọkọ̀ jí, ó tún kú ṣáájú ìlú Alemaya. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ Harar, àwọn èèyàn ti ń bọ̀ láti itẹ́ òkú.

Ay Mumina kò rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn dì mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, Aw Abdosh. Ẹ sáà gbìyànjú.” Ọpẹ́ yẹn wọ ọkùnrin náà lára ju èébú lọ.

Ọjọ́ kejì ló wá bá mi. Kò bọ́ fìlà. Ó dúró lẹ́bàá tábìlì iṣẹ́ mi, ó ní, “Zekariya, má tàn mí o. Ṣé èmi ni mi ò mọ ọkọ̀ wà mọ́ ni, àbí ọkọ̀ ni ò lè gbé mi mọ́? Ohun tí o bá sọ ni màá ṣe.”

Ọkọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ojú rẹ̀ sú mi, kí n sọ òótọ́. Mo ní, “Aw Abdosh, ọkọ̀ yín ti dàgbà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi.”

Ó ní, “Ó dáa. O ṣeun tí o ò purọ́ fún mi.”

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé etí ọkùnrin kan tó ní ilé ìtura lẹ́bàá ọ̀nà Alemaya. Ó ti ń wá Pijó 404 tí yóò gbé sí ẹnu ọ̀nà, kó gbin òdòdó sínú búùtù rẹ̀, kí àlejò máa yà fọ́tò nídìí rẹ̀. Àgbà méjì láti inú afocha wa, ẹgbẹ́ tó ń sin òkú wa tó sì ń ṣe ètò ìgbéyàwó wa, jókòó sí ọ̀rọ̀ títa ọkọ̀ náà fún un. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ka Fátíhà sí i. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti ka Fátíhà sí ti parí. Aw Abdosh ní òun ò lè fi ọwọ́ ara òun wa ọkọ̀ náà lọ síbẹ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi pé kí n bá òun gbé e lọ.

Ọ̀sán ni mo gbéra. Epo Dire Dawa ọjọ́ ìsìnkú yẹn ṣì wà nínú táńkì. Mo kọjá ọjà ṣáàtì ní Aweday, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa nítorí mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà kí n sì padà. Mo gbọ́ tó wúkọ́. Irú ikọ́ kan náà. Ó kú sójú títì.

N kò gbé omi, n kò gbé àkísà, torí ọkọ̀ tó ń lọ di àpótí òdòdó ni. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Páǹpù gbóná débi pé ó bó mi ní ìka. Mo fa páìpù yọ lẹ́nu rẹ̀, kò sí ẹ̀kán epo kan. Mo rò pé bóyá ẹnì kan ti jí epo fà nígbà tí ọkọ̀ fi wà nílẹ̀, mo lọ sẹ́yìn láti yẹ táńkì wò. Mo fi ọwọ́ méjèèjì yí ọmọrí Ay Khalisa.

Táńkì mí. Ó fa afẹ́fẹ́ wọlé, fùùù, ó gùn tó ìgbà tí èèyàn fi lè ka Bísímíláhì kan tán, irin ikùn rẹ̀ tó ti wọnú sì ta padà, gbàm. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí lọ́wọ́. Mo padà síwájú, mo so páìpù, mo fi ọwọ́ tẹ páǹpù, epo tú jáde. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Kò sí àkísà, kò sí dídúró, gbogbo irin ṣì ń jóni lọ́wọ́. Mo dé ọmọrí padà kó le, mo tún wà á lọ títí ó fi tún kú, mo ṣí i, ó tún jí.

Ó yé mi nígbà náà, kò sì sí ohun tó tún ṣòro láti lóye nínú rẹ̀. Epo tó bá jáde nínú táńkì, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé dípò rẹ̀. Irin ìdérí náà ní ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, awọ àti rọ́bà Ay Khalisa ló dí i pa. Tí ọmọdé bá ń fi ẹnu fa omi nínú ike tí kò jẹ́ kó mí, ike á fún pọ̀, omi ò ní jáde mọ́. Páǹpù ń fà, táńkì ń fà á padà, ooru sì wá ran táńkì lọ́wọ́. Nínú ìlú, kò kú nítorí pé tí Aw Abdosh bá ra lítà kan, ó ní láti ṣí ọmọrí, ó sì ń rà á nígbà mẹ́rin-márùn-ún lóòjọ́. Lórí òkè, táńkì kún, kò sí ẹni tó ń ṣí i. Àkísà kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe jókòó sábẹ́ igi yẹn ni afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ létí ọmọrí.

N kò gbé e dé ilé ìtura. Mo yí padà. Àmọ́ kí n má parọ́ mọ́ ara mi, títí mo fi padà dé Aweday ni mo ń rò ó bóyá kí n dákẹ́. Wọ́n á gbin òdòdó sí i, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, orúkọ mi á wà níbi tó wà.

Mo bá wọn nílé, wọ́n ń mu ewé kọfí pẹ̀lú wàrà. Ay Khalisa ń hun agbọ̀n. Mo gbé ọmọrí náà kalẹ̀ láàárín wọn, mo sì ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, Ay Khalisa gbé e sójú, ó fi àtàǹpàkò tọ etí ibi tó rán.

Ó ní, “Èmi ni mo ṣe é, àbí?”

“Rárá, Ay. Èmi ni. Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní ó dára.”

Ó fa abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń hun agbọ̀n yọ. “Ihò mélòó ló fẹ́?”

“Ẹyọ kan. Kékeré báyìí.”

Ó gún un, ó yí abẹ́rẹ́ náà nínú rẹ̀ kó lè la àwọn ìpele náà já, ó yọ ọ́. Ó gbà á tó ìgbà tí èèyàn fi ń fi okùn sábẹ́rẹ́. Aw Abdosh gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó fi ojú kan wò ó.

“Nítorí èyí ni Mumina ò ṣe rí ojú ẹ̀gbọ́n ẹ̀,” ló wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mo ní màá lọ bá ọlọ́tẹ́ẹ̀lì náà, màá bá àwọn àgbà, màá sọ pé èmi ni mo ṣìṣe, wọ́n á tú u ká. Ó fọwọ́ dá mi dúró. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Àìkú, a ó lọ sí Dire Dawa, a ó sì gbé Mumina.

A lọ. Ó rọ epo kún táńkì dé ẹnu. Ay Mumina jókòó níwájú, èmi wà lẹ́yìn. Oòrùn ọjọ́ náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ gun Dengego láìwúkọ́. Nígbà tí a dé kọ́nà tó máa ń kú sí, Aw Abdosh yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. A jókòó nínú ooru yẹn. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

Ay Mumina ń wo iwájú. Ó ní, “Báyìí ló yẹ kó rí lọ́jọ́ yẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Aw Abdosh dáhùn. “Forí jì mí.”

Ó ní òun ti forí jì í tipẹ́, ó fi aṣọ orí rẹ̀ nu ojú. Inú mi ti ń dùn díẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, pé ọkùnrin yìí yóò máa wa ọkọ̀ rẹ̀ títí Ọlọ́run yóò fi pè é. Bí a ṣe kọjá Alemaya, mo rí i tó tẹ iná pé òun fẹ́ yà. Ó yà wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìtura, ó gbé ọkọ̀ sáàárín ibi tí wọ́n ti to bíríkì yí ká dè é.

Mo ní, “Aw Abdosh, kí lẹ̀ ń ṣe? Kò sí nǹkan tó ń ṣe é mọ́. Ẹ̀yin náà rí i.”

Ó fọwọ́ lé sítíárì, kò wo ẹ̀yìn. “Mo rí i. Wọ́n ti ka Fátíhà sí i, àmọ́ ìyẹn kọ́. Ọjọ́ tí o sọ pé ó ti dàgbà, Zekariya, mo délé, mo gbà pé èmi náà ti dàgbà. Mo sùn, mo jí, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ihò tí Khalisa lu sí ọmọrí yẹn, mi ò mọ ibi tí wọ́n máa lu irú ẹ̀ sí lára mi.”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ọmọrí náà títí ó fi bọ́. Ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “O ní kí n bá ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣe irú ẹ̀ kan fún ẹ. Òun nìyí.”

Ọkọ̀ akérò ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀ padà sí Harar. Ọmọ tó ń gba owó ní kí bàbá yẹn sún wọlé díẹ̀, Aw Abdosh sì sún. Ní gbogbo ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan.

Ọmọrí náà wà lórí ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkọ̀ yòówù tó bá dé tí wọ́n ní ó ń kú nínú ooru, ẹnu táńkì ni mo kọ́kọ́ ń lọ. Tí ó bá sì rẹ̀ mí, bó ṣe ń rẹ̀ mí lójoojúmọ́ yìí, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé ó rẹ̀ mí, kó padà wá lọ́la. N kì í sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ ló ti dàgbà.